Ọrùn Tí Mo Fi Kún Hítà Ìyá Rẹ

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá

Ìyá Ìbéèrè, ọmọ mi àgbà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Orí ìdúró ni mo ti kà á tán, nítorí pé kò gùn tó ohun tí èèyàn ń jókòó kà.

O ní kí n ju hítà omi nù, kí n ra tuntun. Kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n rán ọ létí ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀. Èmi tí bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì, tí wọ́n ní kí n gbé síléètì sílẹ̀ kí n lọ wá iṣẹ́. Èmi tí mo ru búlọ́ọ̀kù títí àárín orí mi fi bó. Èmi tí mo sun orí páànù ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, tí òjò ń jò sí mi létí, tí ilẹ̀ bá sì mọ́, èmi náà ni màá gbá omi òjò náà jáde. Ọ̀gá yẹn ṣẹ́ ẹ̀mú irin mọ́ mi lẹ́yìn rí nítorí pé mo jó irin kan wọ́. Iná wẹ́dà wọ̀ mí lójú títí mi ò fi ríran fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, mo rò pé ayé mi ti parí síbẹ̀. Nígbà tí mo sì wá dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, omíyalé gbé gbogbo irinṣẹ́ mi lọ. Mo wá wọn kiri inú ẹrẹ̀, sípánà kan ṣoṣo ni mo rí. Géètì àkọ́kọ́ tí mo ṣe, oníbàárà dá a padà pé kò dúró ṣánṣán. Mo tún un ṣe. Géètì yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní, oníbàárà ni kò sí mọ́.

Ẹni tó la gbogbo ìyẹn kọjá, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé alájà, tó ṣe gbogbo fèrèsé rẹ̀, òun lò ń sọ fún pé kó ju nǹkan nù nítorí pé irin kan ti jẹ nínú rẹ̀.

Gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Omi kọ̀ láti gbóná mọ́. Ó kọ́kọ́ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó wá di pé ó tutù bí omi ẹ̀rọ ìta. Mo pa iná, mo da omi inú rẹ̀ nù, mo tú gbogbo nọ́ọ̀tì ẹnu rẹ̀, mo sì fa irin tó ń mú omi gbóná jáde. O ò ní dá a mọ̀. Ó ti wú, ó ti là, ìpẹ́pẹ́ funfun sì bò ó bí ẹfun. Àmọ́ táńkì fúnra rẹ̀ kò ní àléébù kankan. Mo fi ìka kàn án lára, ó dún bó ṣe dún lọ́jọ́ tó dé.

Ṣé o rántí ọjọ́ tó dé? Orí ọmọlanke ló wà, ẹlẹ́rù ń fà á, èmi ń tì í láti ẹ̀yìn. Ìwọ ń sá tẹ̀lé wa, ò ń bi mí pé ṣé ẹja la fẹ́ sìn sínú rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló wá fọwọ́ kan páìpù. Ìyá rẹ kàn gbé ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí omi gbígbóná fi tán nínú táńkì. Ọwọ́ tó fi ń fọ aṣọ ilé onílé nínú omi tútù láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kí ìwọ lè rí yúnífọ́ọ̀mù wọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó láti ẹ̀yìn. Láyé mi, mi ò tíì ra nǹkan kan tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Òtútù ti dé báyìí. Ìka rẹ̀ kì í ṣeé ká láàárọ̀ àfi tó bá kọ́kọ́ ri ọwọ́ bọ omi gbígbóná. Kò lè de bọ́tìnnì. Èmi ni mò ń bá a dè é, ó sì ń bá mi jà pé mò ń dè é wọ́.

Mo ti dé gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń ta irú ẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá wọlé tipẹ́. Ọ̀dọ̀ yín lókèèrè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ṣe é, torí náà, bá mi wá irin rẹ̀. Mo da ohun tí wọ́n kọ sára táńkì kọ sí ẹ̀yìn ìwé yìí, bí mo ṣe rí i gẹ́lẹ́. Irin náà gùn láti ìgúnpá mi dé orí ìka mi tó gùn jù. Má bi mí pé ṣé mo fi téèpù wọ̀n ọ́n. Apá mi ni mo fi wọn gbogbo géètì àdúgbò yìí, kò sì sí èyí tí kò pa dé.

Bí o bá tún kọ ojú ìwé kan ṣoṣo sí mi, màá dá a padà fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Onígéètì


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ sọ pé àwọn ọmọ ń béèrè wọn. Kò sí bí ẹ ò ṣe ní bínú sí ìwé mi tó kọjá. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kọ ọ́.

Mo rí irin náà. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń ta àlòkù nǹkan ilé nínú yàrá kan lábẹ́ ilẹ̀, kò jìnnà síbi iṣẹ́ mi. Ó tan iná, ó wọ inú lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, ó wá gbé eruku jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní oríṣi mẹ́ta ni irin hítà yẹn: kúkúrú, àárín, gígùn. Ó ní báwo ni tiwa ṣe gùn tó? Mo ní ó gùn tó apá bàbá mi. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀, ó wò mí. Bàbá, ẹ sáà mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Dígí awò ojú ni mò ń gé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá fi fọ́nrán irun yẹ̀, wọ́n á dá a padà.

Ó ń múra láti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fẹ́ lọ lo àkókò òtútù lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, kò ní dé títí tí oòrùn yóò fi padà. Àyè kò sí láti dúró de ìwé yín. Mo wá rántí kóòtù dúdú tí ẹ tì bọ inú àpótí mi lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀, tí ẹ ní òtútù ibí kì í mọ ojú ẹnikẹ́ni. Mo gbé e jáde. Ó ṣì ń rùn bí irin. Mo kàn fi imú sí ọrùn rẹ̀ báyìí, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín, ilé ìwé ti jáde, báàgì wà lẹ́yìn mi, ẹ sì ń fi ọwọ́ kan ṣe àmì sí mi pé kí n yíjú sẹ́yìn kí iná má bàa wọ̀ mí lójú. Mo yíjú sẹ́yìn lóòótọ́, nínú yàrá mi níbí. Ọkọ mi bi mí pé kí ni mò ń wò lára ògiri.

Mo wọn apá kóòtù náà láti ibi awọ tí wọ́n rán mọ́ ìgúnpá rẹ̀ dé ẹnu ọwọ́, mo sì fi ọwọ́ ọkọ mi kún un, torí ọwọ́ yín tóbi bíi tirẹ̀. Irin tó gùn jù ló bá a mu. Mo rà á, mo sì ti fi ránṣẹ́. Bàbá náà kì í gba ọjà padà.

Bàbá, ta ló ń gbé omi gbígbóná fún Màámi báyìí? Ìsàlẹ̀ ni ilé ìdáná wà, òkè ni balùwẹ̀ wà. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀yin ni.

Mo kọ ọ́ kó gùn, kí ẹ lè rídìí jókòó.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kejìlá

Ìyá Ìbéèrè,

Mo kí ọ o. Mo jókòó kà á. Báyìí ni kó o máa ṣe é.

Irin kò tíì dé. Ojoojúmọ́ ni mò ń dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu fèrèsé wọn kì í jẹ́ kí n sún mọ́ ọn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí mi orí. Mo sọ fún un pé àwọn irin tó wà lójú fèrèsé tó ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ wò mí yẹn, èmi ni mo jó wọn. Ó ní òun á máa rántí. Kò yé e pé mo lè jó wọn kúrò.

O ní ta ló ń gbé omi. Ta ló tún kù tó máa gbé e? Ẹni tó dá gbé ìlàjì géètì ilé ẹjọ́ lójú adájọ́, kẹ́tù omi ni kò ní lè gbé? Mò ń gbé e lọ́wọ́ ọ̀tún, mò ń gbé e lọ́wọ́ òsì. Má dààmú ara rẹ.

Mò ń gun àtẹ̀gùn láàárọ̀ ijọ́sí ni mo rántí agolo ńlá tí a fi ń se omi kí hítà tó dé. Ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ wẹ̀ láàárọ̀ torí pé ilé ìwé rẹ jìn, àbúrò rẹ a sì máa fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn pé o fẹ́ lo omi tán. Ìyá yín a máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ omi wò kó tó bù ú sí yín lára. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, èéfín lórí, ebi nínú, màá bá ẹ̀yin méjèèjì nínú ooru omi yẹn, ẹ ti wọ inú aṣọ ìnura kan ṣoṣo, orí méjì ló ń yọ jáde níbẹ̀ bíi ti ìjàpá. Ẹ ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kàn yín torí ọwọ́ mi dúdú. Nígbà yẹn mo rò pé ìyà ló ń jẹ wá. Mo ń sáré kí n lè kúrò níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá lè dá mi padà síbẹ̀ lónìí, fún ìrọ̀lẹ́ kan péré, n ò ní gbé nǹkan kan dání, màá kàn lọ ni.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní kí n fi nǹkan kan kún ìwé yìí, mo ní ibi ìwé ti tán.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún. Mo fi ọ̀wọ̀ kí yín, àmọ́ inú mi kò dùn, n ò sì ní díbọ́n.

Màámi pè mí lórí fóònù aránṣọ tó wà lódìkejì ilé yín. Mo ti mọ ohun tí ibi ìwé fi tán fún. Màámi ní ẹsẹ̀ yín yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kẹ́tù sì dà sí yín lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ẹ wọ bàtà lé e, ẹ sì rìn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀. Ṣé ẹ tún mọ ohun tí wọ́n sọ? Láti ọjọ́ yẹn, omi tútù ni àwọn fi ń wẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ má bàa tún gun àtẹ̀gùn, àwọn ti purọ́ fún yín pé ara àwọn ń fẹ́ omi tútù. Ìka wọn ti wú débi pé ọṣẹ ni aránṣọ fi bá wọn bọ́ òrùka ìgbéyàwó.

Mo ti ṣe ìpinnu mi, Bàbá. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún Màámi, ìparí oṣù kẹta ni. Gbogbo ìwé wọn ti pé. Páásípọ́ọ̀tù tí a ṣe fún wọn nígbà tí mo bí àkọ́bí mi ni a tún ṣe sí òmíràn, ẹ sì mọ ìdí tí wọn ò fi wá nígbà yẹn. Wọ́n á dúró lọ́dọ̀ mi. Bóyá títí òtútù tó ń bọ̀ yóò fi kọjá, bóyá jù bẹ́ẹ̀. Omi gbígbóná wà níbí, kò sí àtẹ̀gùn láàárín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ wá. Mò ń bẹ̀ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ń gbọ́ èsì yín létí mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kìíní

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, n ò ní kọjá bẹ́ẹ̀.

O sọ ọ́ dáadáa. O fẹ́ gbé ìyàwó mi lọ. Hítà ló bàjẹ́ nínú ilé mi, ìyàwó mi lo wá gbé tíkẹ́ẹ̀tì fún. Èmi ò ní í wá. Mi ò ní wá jókòó sí pálọ̀ ọmọ kí n máa wo ògiri tí kì í ṣe èmi ni mo mọ ọ́n, kí àwọn ọmọ rẹ máa bi ara wọn pé ta ni bàbá yìí. Èmi tí mo bá rìn ní títì, tí awakọ̀ ń dín eré kù láti kí mi.

Ẹsẹ̀ mi ti jinná. Ẹsẹ̀ tí irin pupa ti já lé rí, kí ni omi fẹ́ fi ṣe.

Pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ omi tútù yẹn, mi ò mọ̀. Inú ilé kan náà ni mo wà pẹ̀lú rẹ̀, mi ò mọ̀. Mo ń gbọ́ tó ń kọrin nínú balùwẹ̀ láàárọ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ dùn ni. Mo tilẹ̀ ń bá a gbe orin náà láti ìsàlẹ̀. Àṣé òtútù ló ń fi orin lé.

Irin náà dé lánàá. Mo tú u nínú páálí, ó ń dán, ó wù mí. Mo gbé e dé ẹnu táńkì, mo tì í, ó wọlé, ó wọlé, ó kan ẹ̀yìn, ó sì kù níta tó ìbú ọwọ́. Ó gùn jù. Mo kọ́kọ́ rò pé bàbá abẹ́ ilẹ̀ yẹn ló rẹ́ ọ jẹ. Mo tún ìwé rẹ mú, mo kà á, mo dé ibi kóòtù.

Ọmọ mi, kóòtù yẹn kì í ṣe ìwọ̀n mi. Ọ̀gá mi ló ni ín. Géńdé ọkùnrin ni, ó máa ń tẹ̀ ba kó tó wọ ilé. Lọ́jọ́ tó dá mi sílẹ̀ níṣẹ́, kò rí nǹkan mìíràn tó máa fún mi, ó bọ́ kóòtù lọ́rùn ara rẹ̀, ó jù ú sí mi, ó sì wọlé lọ kí n má bàa rí ojú rẹ̀. Ìyá rẹ ló ṣẹ́ ẹnu ọwọ́ rẹ̀ sínú, tó fi òwú dúdú so ó kó má hàn. Nígbà tí o ń lọ, ó tú òwú yẹn, ó ní kí ó lè bo ìka rẹ nínú òtútù. Èmi ò ga rí. Ìwọ lo kéré nígbà náà.

Mi ò sọ pé kí o má rò ó bẹ́ẹ̀ mọ́ o. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bí o ṣe ń rò ó.

Àmọ́ gbọ́. Ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì jìn. Bí omi bá gbóná nínú ilé yìí kó tó pé, ìyá rẹ kò lọ síbì kankan. Àdéhùn wa nìyẹn.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mo wọ kóòtù náà, mo dúró níwájú dígí. Ó bo ìka mi lóòótọ́. Mo wá gbé ẹnu ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ iná tí a fi ń yẹ dígí wò níbi iṣẹ́. Ihò abẹ́rẹ́ Màámi ṣì wà yíká ibẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Gbogbo ọdún tí mo ti ń wọ̀ ọ́ yìí, mi ò rí i. Iṣẹ́ ojú ni mo sì ń ṣe.

Bàbá tó ta irin ti rìnrìn àjò rẹ̀ lọ, kò sí òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé irin náà o. Iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí ẹ bá gé e, ó ti kú nìyẹn. Ẹ má sì fi ojú yín wo iná wẹ́dà mọ́. Mo fi Màámi bẹ̀ yín.

Ní ti àdéhùn, èmi gbà báyìí: bí omi bá gbóná, kí Màámi fúnra wọn sọ ohun tí wọ́n fẹ́, kí èmi àti ẹ̀yin sì gbà á fún wọn.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì

Ìyá Ìbéèrè ọmọ Onígéètì,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo ilé rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o bá wà lórí ìdúró, wá àga.

Omi ti gbóná.

Mo ro ọ̀rọ̀ irin yẹn títí oúnjẹ fi ń tutù níwájú mi. Mi ò lè gé e. Mi ò lè fa táńkì gùn. Mo bá sọ fún ara mi pé bí àlejò bá ga ju yàrá lọ, ṣebí èèyàn lè fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún yàrá. Páìpù irin tó fẹ̀ tó ẹnu táńkì ni mo ní kí wọ́n gé fún mi, kúkúrú, tó ìbú ọwọ́. Ọwọ́ tèmi gan-an o, kì í ṣe ọwọ́ ọkọ rẹ. A jó àwo irin mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì, a lu ihò sí i yíká kí nọ́ọ̀tì lè wọ̀ ọ́. Orí kan bá ẹnu táńkì mu, irin wọ orí kejì. Ohun tó gùn lé ti rí ibi fẹ̀yìn tì. Táńkì ti ní ọrùn báyìí. Kò sí èyí tó ní irú ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù mi àtijọ́ la ti ṣe é. Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọ iṣẹ́ mi tó ń lò ó báyìí, ti yọ ikùn ọ̀gá, àmọ́ ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí mi nínú èédú. Mo na ọwọ́ sí ìbojú wẹ́dà, ó gbé e sá sẹ́yìn ara rẹ̀. Ó ní òun máa jó o, kí n kàn sọ ibi tí iná máa gbà. Mo sọ fún un pé kó fà á síbí, kó dúró, kó má kánjú, kó jẹ́ kí irin yó. Torí náà, èmi ni mo jó o. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo lò.

Ìyá rẹ bá mi lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó máa ń jókòó sí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ẹ, tó bá gbé oúnjẹ wá. Ó fi ìbọ̀rí wé ọwọ́. Bí Ẹlẹ́rìn-ín ti ń fi òòlù gbá ìdàrọ́ kúrò lára irin, ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní níbi tí òun ti ń fọṣọ nígbà yẹn, òun máa ń gbọ́ òòlù mi. Ó ní bó bá dákẹ́, òun náà á dá ọwọ́ dúró nínú omi, títí yóò fi tún bẹ̀rẹ̀. Kò sọ ìyẹn fún mi rí. Gbogbo ìgbà tí mo ń gbá irin yẹn, mo rò pé oníbàárà nìkan ló ń gbọ́ mi.

Nígbà àkọ́kọ́ tí a bu omi sí i, ó jò. Mo gé rọ́bà inú táyà àtijọ́ yíká, mo fi há àárín àwo àti àwo, mo fún un. Oníná wá so wáyà, ó dán an wò, ó gbé súwíìṣì. A jókòó sórí àtẹ̀gùn, èmi àti ìyá rẹ, à ń tẹ́tí bí ẹni tí wọ́n ń bímọ fún nínú yàrá. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí hó wúyẹ́wúyẹ́.

Ìyá rẹ gbé ọwọ́ sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó de bọ́tìnnì ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì wò mí pé ṣé mo rí i bí wọ́n ṣe ń dè é.

Nítorí náà, dá tíkẹ́ẹ̀tì padà. Àdéhùn ni.

Bàbá rẹ tí kì í kùnà


Ọjọ́ keje, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ọwọ́ yín kò ní ya. Mo ka ìwé yín fún ọkọ mi, mo kà á fún àwọn ọmọ, wọ́n ti ya àwòrán táńkì ọlọ́rùn lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Mo sunkún díẹ̀ níbi bẹ́ǹṣì.

Àmọ́ ẹ tún ìwé mi kà, Bàbá. Mi ò sọ pé bí omi bá gbóná, Màámi kò ní wá. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ ti ń kọ̀wé sí mi nípa ọwọ́ wọn, nípa ìka wọn, nípa bọ́tìnnì wọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni mi ò tíì rí kà.

Tíkẹ́ẹ̀tì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi bi wọ́n.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìwé rẹ ti pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo kọ èsì kan, ó le, mo ya á. Mo kọ òmíràn, òun náà le.

Nígbà tó yá, mo gbé ìwé rẹ lọ bá ìyá rẹ nínú ilé ìdáná, mo ń kà á sókè fún un. Mo dé ibi tí o ti ní kí n bi í, mo gbé ìwé náà sún mọ́ ojú. Ó ní kí ló dé, ṣé o ò kọ ọ́ hàn ni. Mo ní o kọ ọ́ hàn. Mo bá bi í. Mo rò pé ó máa jókòó, kó rò ó. Kò jókòó. Búrẹ́dì tó ń gé, kò dúró.

Ó ní, "Omi ti gbóná, Bàbá Onígéètì. Mo dúpẹ́. Ọmọ mi ni mo fẹ́ lọ rí."

Mo ní ta ló wá máa dúró ti èmi. Ó ní ohun tí mo sọ nìyẹn nígbà tí o bí àkọ́bí, òun sì dúró, ọmọ náà ti ń kàwé báyìí, kò mọ ohùn òun àfi nínú fóònù. Kò bínú sọ ọ́. Ká ní ó bínú ni, mo mọ bí mo ṣe ń ṣe é. Ó fi búrẹ́dì síwájú mi, ó bu tíì fún mi, ó ní kí n jẹ kó má bàa gbẹ.

Mo gòkè lọ. Mo jókòó sórí ìjókòó balùwẹ̀, hítà ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wo iṣẹ́ náà dáadáa. Ó dára. Kò jò. Mo wá gbìyànjú láti ro bí ilé yìí ṣe máa rí bí kò bá sí níbẹ̀. Mo lọ láti yàrá dé yàrá. Gbogbo fèrèsé yìí, èmi ni mo ṣe wọ́n, kò sì sí ọ̀kan tí mo dúró sí tí mi ò rí ara mi tí mò ń wo ọ̀nà. Mo rò pé omi tútù ló fẹ́ gbé e lọ. Mo ti ń bá omi jà láti ìgbà yìí wá.

Torí náà, má dá tíkẹ́ẹ̀tì padà. Ó ń bọ̀. Kí o dúró dè é níbi tó máa ti rí ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò fẹ́ràn kó máa wá èèyàn kiri láàárín èrò. Má jẹ́ kó gbé ohunkóhun. Bí ó bá kọrin nínú balùwẹ̀, kí o lọ tọ́ omi wò.

Ní ti èmi, mo sọ fún ọ pé mi ò ní wá jókòó, mi ò sì yí i padà. Ẹni bíi tèmi kì í jókòó. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán, màá ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù. Wọ́n ní wọn kì í fẹ́ ẹ̀rín nínú rẹ̀; ìyẹn kò ní ni mí lára. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, màá tètè jí, màá dé ọ́fíìsì wọn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, màá sì fi ọwọ́ ara mi kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá ní kí n kọ, n ò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Bí tèmi bá pẹ́ kó tó jáde, ìyá rẹ á ṣáájú, màá sìn ín dé ibi tí wọn ò bá ti jẹ́ kí n kọjá mọ́. Bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá sì bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lókèèrè ní ọjọ́ orí mi yìí, màá gbójú sókè, màá sọ fún un pé ìyàwó mi ni mò ń tẹ̀lé lọ.

Bàbá rẹ